Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Nítorí Ìwé Àṣẹ Ìlú Ọba


Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje, ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba kò gba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun mọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó kù ń béèrè ìmọ̀ tí ó tó ti yunifásítì, àti owó iṣẹ́ £41,700 lọ́dún.

Nítorí náà, bí alágbàtà kan bá dé Ìkòtún tàbí Ìgándò, tí ó ní kí ẹ ta ilẹ̀ kí òun fi bá ọmọ yín ra ìwé iṣẹ́ olùtọ́jú, ẹ̀tàn ni. Ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tiwa. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Bí a bá ta ilẹ̀, níbo ni ọmọ yóò bọ̀ sí?