Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí ṣọ́ọ̀pù sítúwọ́ọ̀dù wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, Allen Avenue, Ìkẹjà)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí wọ́n ń pè ní sàìkọ́lọ́jíìsì: irú ènìyàn wo ni, ibo ló ti kọ́ṣẹ́, báwo ló ṣe ń tọ́jú ènìyàn, àti pé kí ló kan àwa tí a ń fi agbára jẹun nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ àìsàn ọkàn, Yábàá ni èrò gbogbo wa ń lọ. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí níbẹ̀, àtìmọ́lé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Ìtọ́jú ti dé ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù orúkọ náà kò tíì kúrò lára wa. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi máa ń sọ pé orí ń fọ́ òun, nígbà tó jẹ́ pé oorun ni kò rí sùn láti oṣù mẹ́ta.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó tún kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba àkóso ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954. Wọn kò tíì kọ́ ilé náà parí nígbà yẹn. Lámbò kò jókòó de bíríkìlà. Ó bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Aláìsàn kò ní dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti gba ìtọ́jú ní àárọ̀, wọn á padà sí abúlé, wọn á bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọn á bá wọn ṣeré. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ yìí gbé orúkọ rẹ̀ kárí ayé, títí ó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 sí 1988. Ó kú ní 2004.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, bí ọkàn ènìyàn bá dàrú, kì í ṣe kí a yọ ọ́ kúrò láàárín ènìyàn kí a sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn àti iṣẹ́ wà lára oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí. Dókítà ni Lámbò. Dókítà ọpọlọ lè kọ oògùn fún aláìsàn. Sàìkọ́lọ́jíìsì kì í ṣe dókítà, kì í sì í kọ oògùn. Ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ọmọ ènìyàn ló kọ́ ní yunifásítì, irú ti Ìbàdàn, Nsukka tàbí Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn tún gbọ́dọ̀ gba oyè kejì, kí ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kí ó tó dá dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí pátákó irú iṣẹ́ yìí lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Allen tàbí Òpẹ́bí, ẹ bi onítọ̀hún léèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe àrífín. A kì í gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì tí a kò mọ ọ̀gá rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ó jókòó ní yàrá kan, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, fún bíi wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà púpọ̀. Yóò béèrè nípa oorun, oúnjẹ, ilé, iṣẹ́, àti ìgbà tí ìnira náà bẹ̀rẹ̀. Kò ní dá ọ lẹ́jọ́, kò ní wàásù fún ọ. Ọ̀nà kan wà tí Aaron Beck, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960: kí a wo èrò tó ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn léraléra, kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n, bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Awakọ̀ tó ní ìjàǹbá lè máa rò pé, "Bí mo bá tún di ìdarí ọkọ̀ mú, mo tún máa pa ènìyàn ni." Wọn yóò yẹ èrò náà wò pa pọ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò rọra dá a padà sídìí ọkọ̀: kí ó kọ́kọ́ jókòó lásán, kí ó tó ṣíná, kí ó tó jáde sí títì. Paraga àti oògùn oorun kò lè ṣe èyí. Wọ́n kàn ń bo egbò mọ́lẹ̀ ni.

Mo rí i lójú ara mi. Ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀rọ gé ìka òṣìṣẹ́ kan. Ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ta sí láṣọ, kò fara pa rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ti dún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Fọ́máànì pè é ní ọ̀lẹ, wọ́n sì fún un ní kúẹ́rì. Ẹgbẹ́ wa ló dáhùn kúẹ́rì náà, àwa la sì mú un lọ rí dókítà, tí dókítà fi fà á lé sàìkọ́lọ́jíìsì lọ́wọ́. Ó gbà á ní oṣù díẹ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó padà.

Òfin wà lẹ́yìn wa lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 kò fi mọ sórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó gé. Ó ka ìdààmú ọkàn mọ́ ọn, bí ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì tó bani lẹ́rù lẹ́nu iṣẹ́ bá ló fà á. Dókítà tí a fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí náà ìwé sàìkọ́lọ́jíìsì nìkan lè má tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Ìdààmú tí ìyípadà iṣẹ́ tàbí ìdánidúró bá fà kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn, orí tábìlì àdéhùn la ti ń jà á. Bákan náà, ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo gbé wá síwájú ìpàdé yìí. Èkíní, ìtọ́jú lọ́dọ̀ sàìkọ́lọ́jíìsì wọ́n fún ẹni tó ń gba owó oṣù wa. Kí a fi í sínú ètò ìwòsàn nígbà tí a bá tún ń ṣe àdéhùn. Èkejì, bí ilé iṣẹ́ bá ló ń san owó rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá sọ nínú yàrá náà kò gbọ́dọ̀ dé tábìlì máníjà. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, sàìkọ́lọ́jíìsì lè sọ̀rọ̀ síta kí ó lè gba ẹ̀mí là. Ju ìyẹn lọ, àṣírí ni. Ẹni tí àṣírí kò bá dá lójú kò ní la ẹnu. Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tí kò ní ìdáàbòbò, kí wọ́n tún un ṣe. Bí a bá wo ọkàn òṣìṣẹ́ sàn tán, tí a tún dá a padà sídìí ẹ̀rọ tó ń gé ìka, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí ẹnìkejì yín tó ń dá jókòó nígbà oúnjẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, tí ọtí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì wá rí mi. A kò ní pariwo orúkọ rẹ̀.

 Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.