Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Nínú Àpilẹ̀kọ Akẹ́kọ̀ọ́

Ohun tí a ó yẹ̀ wò ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí a ń pè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa ní Èjìgbò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ọdún Òrìṣà Ògìyán, níbi tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣolò àti ti Òkè Màpó ti máa ń fi àtòrì na ara wọn. Ó rí àlàyé nípa òrìṣà náà nínú Orixás, ìwé tí Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ jáde ní Bùràsíìlì ní 1981. Bí ó bá yọ ìpínrọ̀ kan tàbí méjì lò, tí ó sì dárúkọ òǹkọ̀wé àti ìwé, kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò.

Fọ́tò ńkọ́? Odindi iṣẹ́ ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè gé igun rẹ̀ kan kí ẹ pè é ní àyọlò. Níwọ̀n ìgbà tí àpilẹ̀kọ bá wà lọ́wọ́ àwọn olùdánwò nìkan, ọ̀rọ̀ kò tíì le. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbé àpilẹ̀kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Kí ó tó dé ibẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé sí Fundação Pierre Verger ní Salvador, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ Verger, tí ó kú ní 1996, wà. Orúkọ ayàwòrán tí a kọ sábẹ́ fọ́tò kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti àwọn tí kò kọ ìwé. Ijó àti orin ọdún kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ìlú ni. Òfin ti 1988, àti ti 2022 tí ó rọ́pò rẹ̀, ní kí ẹni tí ó bá tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde dárúkọ ìlú tí ó ti rí i. “Orin Yorùbá kan” kò tó. Èjìgbò ni kí ó kọ.

Ìyá àgbà tí ó ki oríkì sínú ẹ̀rọ wá ńkọ́? Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀ kí a gba ohùn òun sílẹ̀. (Ẹ ó rí àpilẹ̀kọ tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́, tí kò sì dárúkọ àgbà kan ṣoṣo.) Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ àyè kí ó tó tan ẹ̀rọ. Kí ó ṣàlàyé fún ìyá pé ọ̀rọ̀ wọn yóò wọ ìwé, pé ọmọ Èjìgbò tí ó wà ní Abidjan lè rí i kà. Bí ìyá kò bá mọ̀wé kọ, kí wọ́n sọ ìyọ̀ǹda wọn sínú ẹ̀rọ náà gan-an, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Bí wọ́n bá sì ní kí a yọ ibì kan kúrò nínú oríkì náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ ọ́.