Fáìlì Tó Sùn Sórí Tábìlì



Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, fáìlì ìgbéga ẹlẹgbẹ́ mi kan sùn sórí tábìlì olórí ẹ̀ka wa fún ọdún 2. Bàbá náà kì í ṣe ìkà, kò sì gba rìbá rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni. Àmọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni buwọ́ lu ìwé lẹ́yìn òun, òun náà kò sì ráyè buwọ́ lù ú. Bó bá rìnrìn àjò, ẹ̀ka á dákẹ́ lọ gbári. Ojú mi ni ẹlẹgbẹ́ mi ṣe kó ẹrù rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìwé tí ènìyàn kọ ni a fi ń yan alákòóso. Ta ló ń bi í bó ṣe ń darí ìpàdé? Yunifásítì kì í ṣe bárékè. Ní Sẹ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àárín àwọn tó mọ ẹ̀kọ́ tiwọn jù ú lọ ni gíwá jókòó sí. Bó bá ń pàṣẹ bíi sójà, wọn ò ní bá a jà; wọ́n á kàn káwọ́ gbera. Ọdún 5 péré ni òfin Nàìjíríà ti ọdún 2003 fún gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fi 2 nínú rẹ̀ gbẹ̀san lára àwọn tó bá a du ipò, ìgbà wo ni yóò ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí. Ọdún 1966 ló di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú rògbòdìyàn òṣèlú. Ní 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, yunifásítì kó kúrò n'Íbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé àgbẹ̀ ni. Kì í ṣe òṣèré. Síbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni òǹkọ̀wé eré Ọlá Rótìmí àti ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun gbé eré The Gods Are Not to Blame jáde ní 1968. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ nìyẹn: ó gbà kí iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ gbèrú. Títí ó fi lọ ní 1975, ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gbilẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ibẹ̀ dòní.

Ẹni tó rọ́pò bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò kọ ìwé tó o. Lọ́sẹ̀ tó dé, ó kó gbogbo fáìlì jáde, ó pín wọn fún àwọn olùkọ́ àgbà, ó sì dá ọjọ́ tí wọn yóò kó wọn padà. Ti ẹlẹgbẹ́ mi wà nínú wọn. Wọ́n buwọ́ lù ú. Oṣù 4 ti kọjá tó ti lọ.