Ẹ Wọn Afẹ́fẹ́ Táyà Yín Kí Iná Tó Tàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí a tẹ̀ jáde nítorí àwọn tí kò lè wá.

Alága ló ní kí àwa tí a ń fi iṣẹ́ mọ́tò jẹun nínú ẹgbẹ́ yìí wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú mọ́tò kékeré. Àwọn kan nínú wa jẹ́ mẹkáníìkì, àwọn yòókù ń wa takisí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò pọ̀. Bí a bá ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ tán lónìí, ilẹ̀ á ṣú, oúnjẹ tí a ń gbóòórùn rẹ̀ yìí á sì tutù. Nítorí náà, orí táyà ni a ó gbé ọ̀rọ̀ wa lé, pàápàá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ìyókù, a ó kàn fọwọ́ bà á ni.

Ìdí tí a fi mú táyà ni pé àwa Yorùbá ìlú yìí kì í fi mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ nìkan. Bí ó bá ti di Sátidé, ìgbéyàwó wà ní Manchester, ìsọmọlórúkọ wà ní Birmingham, ìnáwó òkú àgbà wà ní Leeds. Mọ́tò kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá wà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àgbà márùn-ún ni yóò kó lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, páálí ohun mímu, àti báàgì gèlè tí kò gbọdọ̀ run. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wọn kìlógíráàmù 80, àgbà márùn-ún ti di 400. Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré ni wọn kò ṣe láti gbé ju nǹkan bí 400 sí 500 lọ, ènìyàn àti ẹrù lápapọ̀. A kò sì tíì ka kúlà. Gbogbo ìwúwo yẹn, àti ti mọ́tò fúnra rẹ̀, orí táyà mẹ́rin ni ó dúró lé, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan sì ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ.

Ohun tí ó ń gbé ẹrù náà kì í ṣe rọ́bà. Afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí. Bí ó ti ń tẹ̀ ni ó ń gbóná, bí ó sì ti ń gbóná ni okùn àti wáyà tí wọ́n hun sínú rẹ̀ ń ṣí kúrò lára rọ́bà. Láàárín ìgboro, níbi tí a kì í ti í sáré ju 30 máìlì lọ, ó lè máa bá a bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ènìyàn má mọ̀. Orí motorway, pẹ̀lú ẹrù, ní 70 máìlì ní wákàtí kan, ni ó máa ń bẹ́. A máa ń gbàdúrà kí a tó gbéra, àdúrà sì dára. Àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún tí a ó fi wọn táyà kò dí àdúrà lọ́wọ́.

Nílé, fọkanáísà wà ní ìkòríta gbogbo. Ènìyàn á kàn dúró, á ní, “Ẹ bá mi géèjì rẹ̀,” ọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà kọ̀ọ̀kan, ó ti mọ iye tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Níbí, kò sí ẹni tí yóò bá wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé epo ni a ó lọ bá, iye tí a bá sì tẹ̀ ni yóò fẹ́ sí i, ì báà tọ̀nà, ì báà má tọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń fi ojú wò ó, tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ta á, kí wọ́n ní ó wà pa. Táyà òde òní máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pé. Àwa tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ táyà tí ó wà ní 35 àti èyí tí ó ti di 28. Géèjì ni ó mọ̀ ọ́n, kò sì wọ́n.

Iye tí mọ́tò yín ń fẹ́ wà lára mọ́tò náà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń pa mọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo inú ìdérí ibi tí a ń rọ epo sí, tàbí ìwé tí ó bá mọ́tò wá. Iye tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó lò o! Ìyẹn ń sọ ibi tí agbára táyà náà pin sí ni, kò mọ irú mọ́tò tí wọ́n so ó mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, iye náà máa ń wà láàárín 30 sí 36 PSI. Bí ẹ̀rọ ilé epo bá ń ka bar, bar 1 jẹ́ PSI 14.5.

Ẹ tún wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ìlà méjì ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ọ̀kan wà fún ìgbà tí ènìyàn kò pọ̀, èkejì fún ìgbà tí mọ́tò bá kún. Ìlà kejì yìí ni ti ọjọ́ Sátidé wa. Táyà ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń gòkè jù, nítorí ẹ̀yìn ni èrò àti búùtù wà. Bí ẹ bá ti dé láti òde, tí ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in padà sí ti tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ jù nígbà tí mọ́tò ṣófo a máa jẹ́ kí àárín táyà nìkan jẹ, mọ́tò á sì máa ta pọ́ún lórí kòtò. Bí ó bá jẹ́ pé etí méjèèjì ni ó jẹ, afẹ́fẹ́ ti kéré tipẹ́. Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n to ẹsẹ̀ mọ́tò náà.

Ìgbà tí táyà bá tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n: kí mọ́tò ti dúró fún bíi wákàtí mẹ́ta, tàbí kí ó má tíì rìn ju máìlì 2 lọ. Táyà tí ó ti sáré ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti ràn, géèjì á sì ka iye tí ó ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó jáde nígbà náà, á bá a lọ́wọ́ pé ó ti dín nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Òtútù náà ní tirẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù sí i, táyà mọ́tò kékeré á pàdánù tó PSI 1 àbọ̀ sí 2. Ẹni tí ó fẹ́ táyà rẹ̀ sí 35 lọ́sàn-án oṣù kẹjọ nígbà tí ojú ọjọ́ jẹ́ 25, tí kò sì fọwọ́ kàn án mọ́, bí ó bá di àárọ̀ oṣù kìíní tí omi ti dì, nǹkan bí 31 ni yóò bá. Èyí tí ó ń jò díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn, gbogbo táyà ló sì ń jò bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, àti nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn.

Àwọn kan ti ń mi orí níbẹ̀ yẹn. A mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ: “Mọ́tò tèmi ní iná tí ó ń sọ fún mi.” Òótọ́ ni. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò tuntun. Iná yẹ́lò ni, ó dà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó tàn bí afẹ́fẹ́ bá ti dín tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìyẹn ni pé táyà tí ó yẹ kí ó wà ní 35 lè dé 28 kí iná náà tó tàn. Ẹni tí ó kó àgbà márùn-ún lórí 29 kò ní rí iná kankan.

Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré nínú táyà kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wọn afẹ́fẹ́ ní tààràtà. Bátìrì inú rẹ̀ á sì kú lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́wàá. Èkejì kò wọn afẹ́fẹ́ rárá. Bí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe ń yí ni ó ń kà: táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín á kúrú díẹ̀, á sì máa yí yára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, èyí ni wọ́n ní, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń dín díẹ̀díẹ̀, ó ṣòro fún un láti tètè mọ̀, nítorí kò sí èyí tí ó yàtọ̀. Lẹ́yìn tí a bá fẹ́ táyà tán, a ní láti tẹ bọ́tìnì kí ó lè kọ́ iye tuntun. Ẹni tí iná tàn fún, tí ó kàn tẹ bọ́tìnì náà kí iná lè kú, tí kò fẹ́ táyà, ó ti kọ́ mọ́tò rẹ̀ pé táyà tí ó rọ̀ ni ó dára. A ń rí i lójoojúmọ́. Bí iná náà bá kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó dúró, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ ti ọdún 2012 sókè, ìyẹn lè mú kí ó kùnà ìdánwò MOT.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Òfin ìlú yìí ní ìlà tí a gbẹ́ sójú táyà kò gbọdọ̀ jìn kéré sí mílímítà 1.6, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àárín rẹ̀, yíká-yíká. Táyà kan tí ó kéré sí i lè fa owó ìtanràn tó £2,500 àti póńtì 3 lórí láísẹ́ǹsì. Táyà kan ni a wí o. Òfin kan náà mú ẹni tí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kò tó fún ohun tí ó ń fi mọ́tò ṣe. Òfin mìíràn tún wà láti ọdún 1995: ẹni tí ó bá gba póńtì 6 láàárín ọdún méjì tí ó gba láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́, wọ́n á gbà á padà, á sì tún ìdánwò méjèèjì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Táyà méjì péré ti pé 6. Ẹni tí ó wà á ni póńtì ń bọ̀ sórí rẹ̀, ì báà jẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń yá ọmọ àbúrò yín ní mọ́tò kí ó bá yín lọ gbé àlejò ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ kọ́kọ́ wo táyà. Ẹ ti owó ẹyọ 20p bọ inú ìlà náà. Bí ẹ bá ń rí etí owó náà níta, ó ṣeé ṣe kí ìlà náà ti lọ kọjá òfin. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

A mọ̀ pé owó ni ó ń lé ènìyàn lọ sídìí táyà tòkunbọ̀. Òfin gbà wọ́n láyè láti tà á níbí, bí wọ́n bá tẹ PART-WORN sí i lára, tí ìlà rẹ̀ sì tó mílímítà 2 ó kéré tán. Ẹ wá wò ó: táyà tuntun máa ń ní nǹkan bíi 8. Láti 8 dé 1.6, ó kù 6.4 tí ẹ ó lò. Láti 2 dé 1.6, 0.4 péré ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó tuntun lọ́wọ́ yín, ó wọ́n ju tuntun lọ. Bí ẹ bá ní ẹ ó rà á síbẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT. 2219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019.

Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré tuntun kò ní sípíà mọ́. Ìgò oje tí ń dí ihò àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ táyà ni wọ́n fi sí búùtù. Oje náà ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sì lè dí ihò tí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fífẹ́ yẹn, ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ lè fi fẹ́ táyà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín láàárọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, láìlọ ilé epo. Ẹni tí ó bá ní sípíà tín-ín-rín, kí ó wọn òun náà. Ó sábà máa ń fẹ́ 60 PSI, kò sì gbọdọ̀ sáré ju 50 máìlì lọ. Bí táyà bá sì bẹ́ lórí motorway, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí gbogbo yín gba ilẹ̀kùn òsì jáde, kí ẹ bọ́ sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, aṣọ òde tàbí aṣọ ilé, kí ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ìyókù kò gba àkókò. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọn táyà, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ọ́ìlì níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ó wà láàárín àmì méjèèjì, kí ó má kọjá ti òkè. Ẹ wo omi radiétọ̀ láti ìta ìgò rẹ̀, ẹ má ṣí i nígbà tí ó bá gbóná, nítorí yóò tu sí yín lójú. Omi bíréèkì, bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ tọ mẹkáníìkì lọ, ẹ má kàn máa bu kún un. Omi tí ń fọ gíláàsì iwájú, ẹ rọ èyí tí kì í dì nígbà òtútù. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn mọ́tò bá yín wo iná bíréèkì.

Bí ìpàdé bá parí, a ó wà níta níbi tí ẹ páàkì sí, a mú géèjì mẹ́ta wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí láti àárọ̀ tí ẹ ń dáná, táyà yín ti tutù, ẹ̀yin ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn, ìlà ojú táyà nìkan ni a ó bá yín wò. Kí ẹ mú 20p tiyín dání, nítorí a kò ní padà sílé pẹ̀lú ti ẹgbẹ́.