Ogun Ojú Omi Tí Ọmọdé Kan Jà ní Ọ̀kà

 

Ìwé kékeré kan ni a mú wá síwájú yín. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó kọ ọ́. Ó fi tákàdá àpò sìmẹ́ńtì ṣe èèpo rẹ̀, ó sì fi òwú dúdú rán an. Ogun ojú omi ni ìtàn inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò rí òkun rí. Ọmọ Ọ̀kà ni, ọmọ orí àpáta, níbi tí àwọn baba wa sá gùn nígbà tí ogun Núpé ń da ilẹ̀ Àkókó láàmú. Nínú ìwé rẹ̀, ó gbé òkè yìí kalẹ̀ sí àárín òkun, ó to àgbá sórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀tá méje fi orí sọ ọ́ lóru. Balógun rẹ̀ kì í fọn fèrè. Ìlù ni ó fi ń pàṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Àkókò ìṣirò ni a ká a mọ́ ìdí ìwé yìí, ní ilé-ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. A gbà á, a kò kà á, a fà á ya sí méjì. Ọmọ náà kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ewé rẹ̀ jọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tẹ ọkọ̀ mi mọ́lẹ̀.” Lóòótọ́, ẹsẹ̀ wa wà lórí ewé kan.

Ní ọdún 1826, àlùfáà kan ní Haworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Patrick Brontë, ra ọmọ-ogun onígi méjìlá fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ọmọ mẹ́rin inú ilé náà fi wọ́n ṣe ìtàn: àwọn ọmọ-ogun náà wọ ọkọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí etíkun Gíní tiwa níhìn-ín, wọ́n bá àwọn Àṣáńtì jà, wọ́n tẹ ìlú dó! Àwọn náà kò dé ibẹ̀ rí. Ìwé wọn kéré ju èyí lọ. Ọ̀kan tí Charlotte ṣe ní 1829, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ni a rà ní 1,250,000 dọ́là ní ọdún 2022. Àlùfáà bí àwa ni baba wọn. A kò gbọ́ pé ó fa ọ̀kan ya.

A pe ọmọ náà, a sọ ogun tòótọ́ fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, kí Akítóyè lè padà jọba. Àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ ti ri igi mọ́ etí omi, wọ́n sì ti to àgbá. Bloodhound àti Teazer gun orí yanrìn lábẹ́ ìbọn wọn. Níkẹyìn, Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é.

Ọmọ náà bi wá léèrè ẹni tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. A ní àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n kọ bí ìlù Kòsọ́kọ́ ṣe dún?” A kò rí èsì fọ̀.

A ti fún un ní ìwé ìkọ̀wé méjì àti kálàmù kan. Ewé tí ẹsẹ̀ wa tẹ̀ ni ìparí ogun rẹ̀ wà, kò sì ṣe é kà mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó sọ ẹni tí ó ṣẹ́gun fún wa. Ó ní kí a mú sùúrù, òun ń tún un kọ.