Ojú Ọ̀gá Lọ́nà Jíjìn: Ìwúlò Àfikún-Ìran fún Àwọn Arìnrìn-àjò Òfurufú

 

Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, táǹkì ọ́síjìn kan bú gbàmù nínú ọkọ̀ Apollo 13 bí ó ti ń lọ sí òṣùpá. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sá wọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ènìyàn méjì péré. Kò pẹ́ tí èémí tí àwọn fúnra wọn ń mí síta fi bẹ̀rẹ̀ sí í di májèlé fún wọn. Asẹ́ tó lè yọ májèlé náà kúrò nínú afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin ni, ti ọkọ̀ kékeré sì rí róbótó. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Houston fi àpò ọ̀rá, páálí àti téèpù dá ọgbọ́n tí yóò mú un wọlé. Báwo ni wọ́n ṣe fi ọgbọ́n náà ránṣẹ́ sókè? Ẹnu ni. Wọ́n ń kà á lórí rédíò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lókè ń fi etí gbọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe é. Kò sí ẹnì kan nílẹ̀ tó ń rí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Irinṣẹ́ tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ń dí àlàfo yẹn. Orúkọ tí Òyìnbó fún un ni augmented reality. Èmi yóò pè é ní àfikún-ìran, nítorí kì í bo ayé mọ́ni lójú, ṣe ni ó ń fi kún ohun tí ojú ń rí. Inú awò ojú ni ó máa ń wà: ẹni tó wọ awò náà ṣì ń rí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì tún ń rí ọfà tó tọ́ka sí nọ́ọ̀tù tí yóò tú. Kámẹ́rà inú awò ń wọn ibi tí nǹkan gbogbo wà, nítorí náà, bí onítọ̀hún bá yí orí, ọfà kò ní kúrò lára nọ́ọ̀tù.

Láyé Apollo, ìwé pélébé tí wọ́n dè mọ́ ọrùn ọwọ́ ni àwọn tó rìn lórí òṣùpá fi ń rántí iṣẹ́. Ẹ wá wo inú Ibùdó Òfurufú Àgbáyé, níbi tí ènìyàn ti ń léfòó. Ọwọ́ kan di nǹkan mú kí ara má baà sún lọ, èkejì di irinṣẹ́. Ọwọ́ wo ni yóò ṣí ìwé?

Ìbẹ̀rẹ̀ àfikún-ìran lófurufú kò rọrùn. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà ọdún 2015, awò HoloLens tí àjọ NASA àti Microsoft fi ránṣẹ́ sí ibùdó náà ṣègbé nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó gbé e fọ́ sójú òfurufú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ó gbéra. Wọn kò jáwọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dán irú rẹ̀ wò nínú ilé abẹ́ omi Aquarius létíkun Florida. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2016, arìnrìn-àjò òfurufú Scott Kelly wọ ọ̀kan nínú ibùdó òfurufú náà. Ní ọdún 2021, arìnrìn-àjò òfurufú mìíràn, Soichi Noguchi, lo irú awò yìí láti yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan wò. Lọ́dún yẹn kan náà, Megan McArthur, tí òun náà jẹ́ arìnrìn-àjò òfurufú, fi í pààrọ̀ ohun kan nínú Cold Atom Lab, ẹ̀rọ ìwádìí tó ń mú kí átọ́ọ̀mù tutù kọjá òtútù yìnyín lọ́nà tó jìnnà réré. Àwọn onímọ̀ tó wà nílẹ̀ ń rí ohun tí ojú rẹ̀ rí, wọ́n sì fi ọfà tọ́ka sí wáyà tí yóò yọ láàárín ọ̀pọ̀ wáyà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni olórí ọ̀rọ̀. Láti ayé dé òṣùpá, ohùn orí rédíò ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan ó lé díẹ̀. Láti ayé dé Máàsì, ó lè gba ìṣẹ́jú 3, ó lè gba 22, kí ìdáhùn tó tún gba ọ̀nà padà. Iná tó ń jó nínú ọkọ̀ kò ní dúró de èsì. Nítorí náà, ojú ọ̀gá tó wà nílẹ̀ kò lè bá àwọn arìnrìn-àjò dé Máàsì. Ọgbọ́n rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti kó sínú awò kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ewu wà níbẹ̀. Ọfà tó ṣìnà burú ju àìsí ọfà lọ, àwòrán tó pọ̀ jù sì lè bo ohun tó yẹ kí ojú rí. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Awò lè rán ènìyàn níṣẹ́, làákàyè onítọ̀hún ni yóò fi jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ọfà tó yọ lójú awò, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ náà tinú tòde. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ ìmọ̀ yín sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ tí ẹni tí kò lè pè yín yóò lè tẹ̀ lé. Àwọn ará Apollo 13 padà sílé láàyè ní ọjọ́ 17, oṣù kẹrin ọdún 1970, nítorí pé àwọn kan nílẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì. Ẹ jẹ́ kí á mọ tiwa.