Aṣọ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìlú Wa Yẹ Kó Ní Àmì

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ ìlú Ìṣẹ́yìn bá wa sọ níbi ìpàdé gbogboogbò. Bó ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́ síbí.)

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ ahunṣọ. Mi ò ní fi yín pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: aṣọ òkè tó bá tọwọ́ wa jáde, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì ìlú sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má lè ta ayédèrú lórúkọ wa mọ́.

Kí ló dé? Ẹ wọ ọjà ńlá èyíkéyìí, ẹ ó rí aṣọ tí ẹ̀rọ hun, tó fẹ̀ gbàgàdà, tí wọ́n fi ìlà yà á lára bí ẹni pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ojúlówó Ìṣẹ́yìn nìyí o!" Ẹni tó ń rà á á gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá wá lò ó lẹ́ẹ̀mejì tó ń tú, ta ni yóò bú? Ìṣẹ́yìn náà ni. Ẹni tó ṣe aṣọ yẹn lè má mọ ọ̀nà ìlú wa rí, ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n kọ gbèsè náà sí lọ́rùn.

Ẹ má sì jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ará ìta. Alárinà á dé, á ní òun fẹ́ gèlè àti fìlà aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, ọ̀sẹ̀ méjì ni ìnáwó, owó tó sì gbé kalẹ̀ kò tó ra òwú. Ahunṣọ tí owó ilé ìwé ọmọ ń dà láàmú á gbà á. Níbo ni yóò ti rí èrè? Nínú òwú ni. Á dín iye òwú tó yẹ kó ta kù, kò sì ní ti èyí tí ọ̀kọ̀ ń gbé kọjá pọ̀ dáadáa. Aṣọ náà á fẹ́lẹ́ bí aṣọ ìdọ̀họ. Ojú ò ní tètè rí i, ṣùgbọ́n ara tó wọ̀ ọ́ á mọ̀.

Ẹ jẹ́ n rán ẹ̀yin ọmọ wa létí ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Tẹ́lẹ̀, òwú tí àwọn ìyá wa fọwọ́ ran la ń lò. Èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró, inú aró yẹn ni wọ́n ti ń rẹ òwú ẹtù léraléra títí á fi dúdú. Sányán, tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ, ara ilé kòkòrò inú igbó ni òwú rẹ̀ ti ń wá. Àlàárì ńkọ́? Ṣẹ́dà pupa tí àwọn oníṣòwò gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá la fi ń hun ún. Ẹ ò rí i pé látijọ́ la ti ń ra òwú lọ́wọ́ ará òkèèrè? Torí náà, ẹni tó bá ní aṣọ wa kì í ṣe tiwa mọ́ torí pé òwú ilé iṣẹ́ la ń lò, kò sọ òtítọ́. Ohun tó sọ ọ́ di tiwa ni ọwọ́, òfì, àti òṣùwọ̀n. Ahunṣọ á jókòó, á na òwú gbọọrọ síwájú, òkúta á dì í mú lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀. Gbogbo làálàá yẹn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí íǹṣì 4 ló ń tibẹ̀ jáde. Ìgbà tí a bá tó rán an pọ̀ ló tó di ìró, ìborùn tàbí agbádá.

Àwa kọ́ ló máa kọ́kọ́ fi àmì sí aṣọ. Ní àwọn erékùṣù kan lápá ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, aṣọ onírun àgùntàn kan wà tó ń jẹ́ Harris Tweed. Ìyà tó ń jẹ wá yìí jẹ àwọn náà: àwọn kan ń ta aṣọ ẹ̀rọ lórúkọ wọn. Ní 1909 wọ́n kóra jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tó di 1910 wọ́n fi àmì wọn sórúkọ lábẹ́ òfin. Ó di 1993 kí ilé aṣòfin Bìrìtìkó tó ṣòfin pé aṣọ tí a kò bá fi ọwọ́ hun nínú ilé ahunṣọ ní erékùṣù yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 83 ni ẹgbẹ́ ti ní àmì kí òfin yẹn tó dé. Wọn ò káwọ́ gbera máa retí ìjọba. Nítòsí wa níbí, ní oṣù Kejìlá 2024, UNESCO kọ iṣẹ́ kente ti Gánà mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀ ni kente náà, bíi tiwa.

Kí ni kí àmì tiwa sọ? Ohun tí a lè búra sí nìkan ni. Pé ọwọ́ ló hun ún lórí òfì. Pé Ìṣẹ́yìn ni a ti hun ún. Pé iye òwú àti fífẹ̀ rẹ̀ bá òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ mu. Kí a sì kọ irú òwú tó jẹ́ síbẹ̀, kí a má fi òwú ilé iṣẹ́ pe sányán. Kí nọ́ńbà ahunṣọ wà lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Bí aṣọ bá ní àbùkù, a ó mọ ilé tí a ó kàn.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn pé àmì á jẹ́ kí aṣọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, á gbówó lé e díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Tó bá rí i pé ọ̀gá òun kò rówó jẹun, ọjọ́ tó bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù ni yóò lọ gun ọ̀kadà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; bí ọ̀dọ́ bá sá lórí òfì, àwa àgbà ò lè dá a ṣe.

Àwọn kan tún ní ta ni yóò ṣọ́ ẹni tó ń fi àmì sí i. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àbá tèmi ni pé kí àgbà ahunṣọ mẹ́ta máa yẹ aṣọ wò, kí ẹnì kankan má yẹ ti ara rẹ̀ wò, kí ẹgbẹ́ ìlú sì yan ẹnì kan tí kì í ṣe ahunṣọ tì wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, iṣẹ́ tiyín nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ, ẹ yí i sódì. Ẹ wá ojú rírán láàárín tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ ni. Ẹ wo etí tẹ́ẹ́rẹ́ náà: òwú tó ṣẹ́rí padà ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kì í ṣe etí tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Bí ẹ bá ní ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sì san owó òwú sílẹ̀. Owó tí alárinà ń jẹ láàárín tó owó tí ahunṣọ fi ń ṣe iṣẹ́ tó dáa.

Alága, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìpàdé yìí yan èèyàn márùn-ún láti bá ẹgbẹ́ ahunṣọ jókòó, kí wọ́n mú àpẹẹrẹ àmì àti òṣùwọ̀n wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí a wò ó, kí a dìbò.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, orúkọ ìlú wa ló sì wà lára aṣọ yẹn.  Ìṣẹ́yìn á máa gbèrú o.